Ṣé O Mọ̀? Láti Etí Odò Lókọ́jà Dé Orí Òkè Jọ́ọ̀sì

Ṣé o mọ̀ pé apá kan nínú omi tó ń ṣàn kọjá ní Lókọ́jà jẹ́ òjò tó rọ̀ sórí òkè Jọ́ọ̀sì? Gbogbo wa la kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ pé Lókọ́jà ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ohun tí olùkọ́ kì í sábà fi kún un ni pé odò méjèèjì ló ti ru omi òkè yẹn bọ̀. Nítòsí Vom, tí kò jìnnà sí Jọ́ọ̀sì, ni Odò Kàdúná ti ṣẹ̀. Ó gba ìlú Kàdúná kọjá, ó dé Shiroro níbi tí wọ́n ti ń fi í fa iná mànàmáná, ó sì wọ inú Ọya ní òdìkejì Pátẹ́gi. Odò Gongola ní tirẹ̀ ṣẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn òkè kan náà, ó yí gba ilẹ̀ Gombe, ó sì já sínú Bẹ́núé ní Numan. Omi méjèèjì á wá tún bára wọn ní Lókọ́jà, bí ọmọ ìyá méjì tó gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wálé.

Nítorí náà, ẹni tó bá wa mọ́tò láti Lókọ́jà lọ sí Jọ́ọ̀sì, ibi tí omi ti ṣẹ̀ ló ń lọ. Ìrìnàjò tó ju irinwó kìlómítà lọ ni, àmọ́ mi ò fẹ́ kí o fi kìlómítà wọ̀n ọ́n. Máa wo omi. Omi ló ṣàlàyé oṣù tó yẹ kí o gbéra, ibi tó yẹ kí o dúró sí, ohun tí àwọn ènìyàn wá ṣe lórí òkè yẹn, àti ìdí tí àwọn ọmọ Yorùbá fi pọ̀ níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ti dé ibi tí odò méjèèjì ti pàdé yìí kí àwọn òyìnbó tó tẹ ibùdó kankan dó sí Lókọ́jà? Ó wà nínú àwọn tó bá ọkọ̀ ojú omi wá ní 1841, ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Ibà pa òyìnbó tó ju ogójì lọ nínú ìrìnàjò yẹn. Ní 1854, ó tún padà wá nínú ọkọ̀ Pleiad, òun àti dókítà William Balfour Baikie, wọ́n sì wa ọkọ̀ jìnnà gan-an lọ sókè Bẹ́núé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí òyìnbó kan ṣoṣo tó kú, torí pé Baikie mú kí gbogbo wọn máa lo kuiníìnì kí ibà tó kì wọ́n mọ́lẹ̀. Baikie yìí kan náà ló wá tẹ ibùdó dó sí Lókọ́jà lẹ́yìn náà. Nítorí náà, bí o bá ń di ẹrù, jẹ́ kí oògùn ibà àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ṣáájú nínú báàgì. Sùẹ́tà ni kó tẹ̀ lé e. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé ẹrù kan náà ló ń gba méjèèjì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí o ń lọ nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe orí Òkè Patti ni orúkọ Nàìjíríà ti wá? Òkè náà wà lẹ́yìn ìlú Lókọ́jà gan-an, ó ga tó nǹkan bí mítà 450 sí ojú òkun, mọ́tò sì lè gùn ún. Àwọn atọ́nà ibẹ̀ á sọ fún ọ pé ibẹ̀ ni akọ̀ròyìn Flora Shaw dúró sí, tó wo odò nísàlẹ̀, tó sì sọ wá lórúkọ. Ìtàn náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 1897 ni ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù tẹ orúkọ náà jáde láti ọwọ́ rẹ̀, ọdún mẹ́ta kí Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó ta àsíá ìjọba Àríwá ní Lókọ́jà ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900. Ọdún 1902 sì ni Shaw àti Lugard ṣègbéyàwó. Síbẹ̀, gun òkè náà, kí o sì gùn ún láàárọ̀. Láti òkè lo ti máa rí i pé àwọ̀ omi méjèèjì yàtọ̀ síra, àti pé wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbà láti di ọ̀kan.

Oṣù wo ló yẹ kí o gbéra? Ní 2012 àti ní 2022, odò kún, ó sì bo títì láàrin Lókọ́jà àti Koton Karfe. Ní 2022, ẹgbàágbèje arìnrìnàjò ni ọ̀nà dí mọ́, àwọn mìíràn sì wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá níbi tí mọ́tò ti ń sáré tẹ́lẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni ewu yìí máa ń pọ̀ jù, nígbà tí òjò òkè bá ti dé ìsàlẹ̀, tí wọ́n bá sì tún ṣí omi sílẹ̀ ní ìdídò Lagdo ní Kamẹrúùnù. Bí o bá sì dúró di oṣù Kejìlá, ọyẹ́ á ti dé, eruku á bo ojú ọ̀run, o ò ní rí òkè tó o torí rẹ̀ jáde nílé dáadáa. Oṣù Kọkànlá ni mo yàn, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Odò ti ń fà, koríko ṣì tutù yọ̀yọ̀, omi ṣì ń já láti orí àpáta, afẹ́fẹ́ sì mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Ìpínlẹ̀ Plateau ti rí ìpọ́njú. Ìjà ti mú ẹ̀mí lọ ní ìlú Jọ́ọ̀sì àti ní ọ̀pọ̀ abúlé yí i ká láti 2001 wá, àwọn ajínigbé sì ti da ọ̀nà Àríwá Àárín gbùngbùn láàmú. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí pamọ́ fún arìnrìnàjò, kò sì yẹ kí èyí nìkan jẹ́ ohun tí a mọ̀ nípa ilẹ̀ tó rẹwà bẹ́ẹ̀. Tẹ ẹni tó ń gbé níbẹ̀ láago lọ́jọ́ tó ṣáájú. Bi àwọn dírẹ́bà ní gáréèjì, torí pé wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Gbéra ní kùtùkùtù, kí o sì rí i pé òru kò bá ọ lójú títì. Bí o bá dé Keffi tí ọjọ́ sì ti rọ̀, sùn síbẹ̀.

Afárá Murtala Mohammed ní Jamata ni wàá ti dágbére fún Ọya. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Koton Karfe, Abaji, Gwagwalada, títí wàá fi já sí ẹ̀gbẹ́ Àbújá. Má wọ inú Àbújá lọ. Àpáta Zuma tó wà lára owó náírà ọgọ́rùn-ún ń bẹ ní ọ̀nà Kàdúná, kò sí lójú ọ̀nà wa, sún un di ọjọ́ mìíràn. Gba Nyanya àti Mararaba jáde, kí o sì kọrí sí Keffi.

Ṣé o mọ̀ pé ní Keffi ni wọ́n ti pa ọ̀gá òyìnbó Moloney ní 1902, àti pé ikú rẹ̀ wà lára ohun tí Lugard rí dì mú kó tó kógun lọ bá Kano àti Sokoto? Magaji, olóyè ìlú náà, ló pa á, ó sì sá lọ sí Kano, níbi tí wọ́n ti gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ìlú kékeré tí ọ̀pọ̀ wa kàn ń ra omi tútù kọjá nínú rẹ̀, ó ti mi gbogbo Àríwá tìtì rí.

Agbègbè Keffi yìí náà ni àwọn arẹrù ń gbà kọjá. Kùsà kan wà lórí òkè Jọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní tin, èyí tí wọ́n fi ń bo inú agolo kí ó má baà dípẹtà. Kí ojú irin tó dé, orí ni àwọn àlàárù fi ru tin láti Naraguta, lẹ́bàá ibi tí Jọ́ọ̀sì wà lónìí, sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, títí dé Loko, èbúté kan létí Bẹ́núé. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń rìn ín. Láti Loko, ọkọ̀ ojú omi á gbé ẹrù náà lọ sí ìsàlẹ̀ odò, á kọjá ní Lókọ́jà, á sì forí lé òkun. Ọ̀nà tí òjò ń gbà sọ̀ kalẹ̀ náà ni tin gbà sọ̀ kalẹ̀. Bí o bá ń gun òkè nínú mọ́tò tó ní afẹ́fẹ́ tútù, rántí pé ènìyàn ti ru ẹrù lórí sọ̀ ọ́ kalẹ̀ rí.

Ní Akwanga ni ọ̀nà ti pín. Apá ọ̀tún lọ sí Lafia àti Makurdi, apá òsì lọ sí Jọ́ọ̀sì. Bí o bá ní ọjọ́ kan láti fi tọrẹ, yà sí ọ̀nà Wamba, kí o lọ wo òṣọ̀ọ̀rọ̀ Farin Ruwa. Omi òkè Plateau náà ni, ó ń já láti ibi gíga tó tó nǹkan bí mítà 150. Mo fẹ́ràn Olúmirìn tó wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tọkàntọkàn, kò sì sí ohun tó máa yẹ̀ ẹ́ lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n Farin Ruwa tóbi jù ú lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ère tó lókìkí jù ní Áfíríkà ti ṣiṣẹ́ lé-ẹyẹ-lé-ẹyẹ lóko iṣu rí? Títì tó jáde láti Akwanga gba apá gúúsù Ìpínlẹ̀ Kàdúná kọjá fún ìgbà díẹ̀, abúlé Nok kò sì jìnnà síbẹ̀. Ní 1928, àwọn awakùsà tó ń wá tin rí ère amọ̀ kékeré kan nínú ilẹ̀ Nok. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀ kò sí. Ní 1943, wọ́n hú orí amọ̀ mìíràn nítòsí Jemaa. Akọ̀wé kan níbi ìwakùsà gbé e lọ sílé, ó sì fi í ṣe orí ère tó dúró lóko iṣu rẹ̀ láti máa dẹ́rù ba ẹyẹ. Ó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan. Nígbà tó dé ọwọ́ Bernard Fagg, òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun àtijọ́, ó rí i pé ó jọ ère ti 1928 yẹn: ojú onígun mẹ́ta, ihò níbi ẹyinjú, irun tí wọ́n dì lọ́nà àrà. Ó ní kí àwọn awakùsà máa kó gbogbo ohun tí wọ́n bá rí wá, wọ́n sì kó o wá lóòótọ́.

Láti nǹkan bí ọdún 900 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n ti ń mọ irú ère bẹ́ẹ̀. Àwọn orí Ifẹ̀ tí à ń fi yangàn, tó sì yẹ kí á máa fi yangàn, láàrin ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ṣe wọ́n. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún kan lọ tí àwọn Nok fi ṣáájú. Ẹni tó bá ń kì Ògún á sì fẹ́ gbọ́ pé ní Taruga, tí kò jìnnà sí Àbújá, àwọn ènìyàn Nok yìí ti ń yọ́ irin nínú iléru ní ọ̀rúndún kẹrin tàbí ìkarùn-ún ṣáájú Kristi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ èyí, ojú tí mo fi ń wo oko ẹ̀gbẹ́ títì láàrin Akwanga àti ẹsẹ̀ òkè yí padà pátápátá. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí ọkọ́ tún lè hú síta lọ́la.

Hawan Kibo ni òkè ti bẹ̀rẹ̀ lójú méjèèjì. Ṣáájú ibẹ̀, ilẹ̀ ń ga díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí o fura. Níhìn-ín, títì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ó ti ń gun ẹ̀gbẹ́ òkè, etí rẹ á dí, wàá sì rí ilẹ̀ tí o ti kúrò nísàlẹ̀ bó ṣe tẹ́ lọ rẹrẹ. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Plateau tí òkè ti fi 600 mítà ga ju ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ lọ. Yẹ omi rédíétọ̀ wò ní Akwanga, kó o tó dé ibí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù. Bí ooru ọkọ̀ bá ń lọ sókè, pa afẹ́fẹ́ tútù, ṣí fèrèsé. O ò tún nílò rẹ̀ mọ́: bí a bá fi mítà ẹgbẹ̀rún gòkè, ooru a máa fi nǹkan bíi dígírì mẹ́fà dín kù. Bí o bá ra bisikíìtì aláìtú ní Lókọ́jà, gbé e sókè wò báyìí, kí o rí bí ọ̀rá rẹ̀ ti wú. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ òkè tó yí i ká sì ti fúyẹ́. Lọ́jọ́ tí o bá ń bọ̀, má ṣe tẹ búréèkì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láìdúró. Fi jíà kékeré wa ọkọ̀, kí búréèkì má baà gbóná kó kọ iṣẹ́ fún ọ.

Ní etí òkè yìí kan náà ni òṣọ̀ọ̀rọ̀ Assop wà, nǹkan bí kìlómítà 64 sí Jọ́ọ̀sì. Omi rẹ̀ kì í já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àpáta dé àpáta ló ń bọ́ sí. Dúró, fi ẹsẹ̀ sí i.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni tó tò àwọn àpáta Riyom? Àpáta ńlá lórí àpáta ńlá, lẹ́bàá títì, bí ẹni pé òmìrán kan ló ń fi wọ́n ṣeré. Akọ òkúta ni wọ́n, tó ti inú iná abẹ́ ilẹ̀ wá ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 160 sẹ́yìn. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti dì, abẹ́ ilẹ̀ náà ni wọ́n sì ti sán. Omi gba ojú ibi tó sán wọlé, ó jẹ igun wọn títí wọ́n fi di roboto, lẹ́yìn náà ni òjò wá gbá erùpẹ̀ tó bò wọ́n lọ. Ohun tó kù níta ni à ń yà fọ́tò. Omi náà ló tún ṣe èyí.

Láti Riyom lọ, wo ọgbà tó yí abúlé àti oko àwọn ẹ̀yà Berom ká. Orọ́ ni: ewéko ẹlẹ́gùn-ún tó dúró gbọnin, tí oje rẹ̀ funfun, tí kò sì dára kó kan ojú. Ṣé o mọ̀ pé odi ogun ni orọ́ yìí jẹ́? Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń wá kó ènìyàn lẹ́rú, àwọn Berom gbìn ín nípọn, wọ́n sì fi ọ̀nà tóóró sílẹ̀ láàrin rẹ̀ tí ẹṣin kò lè sáré gbà. Orí òkè yìí wà lára àwọn ibi tí àwọn ẹlẹ́ṣin kò rí ṣẹ́gun tán.

Adágún tí wàá máa rí lọ́tùn-ún lósì nígbà tí o bá súnmọ́ Bukuru, tí omi rẹ̀ mọ́ tó ń dán, ihò ìwakùsà ni. Ènìyàn ló gbẹ́ wọn, òjò ló kún wọn. Wọ́n lẹ́wà, ṣùgbọ́n má wẹ̀ nínú wọn, torí pé bèbè wọn ga, wọ́n sì jìn láìròtẹ́lẹ̀. Ìtàn kan wà lẹ́yìn wọn tó yẹ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa mọ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ní 1942, Japan gba Màláyà tó ń pèsè tin fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àmúnisìn wá fipá kó àwọn àgbẹ̀ Àríwá, àwọn tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, lọ sí ibi ìwakùsà Jọ́ọ̀sì. Òtútù, ebi àti àìsàn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ogun tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀ ni wọ́n bá lọ. Lórí òkè yìí kan náà ni wọ́n ti ń wa columbite, kùsà tí wọ́n fi ń mú kí irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú lè fara da iná, Nàìjíríà ló sì ṣáájú gbogbo ayé nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí, àwọn àgbẹ̀ ń fi ẹ̀rọ fa omi àwọn ihò yìí sóko lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì tí ò ń rà ní Ìbàdàn nígbà tí òjò kò rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi ibẹ̀ ló mu dàgbà.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti ń fi omi òkè yìí fa iná mànàmáná ní Plateau kí wọ́n tó kọ́ ìdídò Kainji? Iléeṣẹ́ NESCO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, ló ń fi omi Kurra àti àwọn odò àyíká rẹ̀ pèsè iná fún àwọn awakùsà. Àwọn ọdún 1960 ni Kainji tó wáyé.

Ó wá di Jọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé ìyá tó ń ta tòmátì ní ọjà Jọ́ọ̀sì dúró síbi tó ga ju orí Òkè Ìdànrè lọ? Lẹ́yìn gbogbo àtẹ̀gùn tó ń mú ènìyàn mí hẹlẹhẹlẹ, Ìdànrè wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sí ojú òkun. Ìlú Jọ́ọ̀sì jókòó sí nǹkan bí 4,000, láìtíì gun òkè kankan. Òkè Shere tó wà ní ìlà-oòrùn ìlú tún ga sí i, ó kọjá mítà 1,800. Nítorí gíga yìí, omi tó ń hó nínú ìkòkò ní Jọ́ọ̀sì kì í ju nǹkan bíi dígírì 96 lọ, kì í tó 100 bíi ti etí òkun. Ẹ̀wà kì í tètè jinná níbẹ̀. Bí o bá wà lọ́dọ̀ ẹbí tí oúnjẹ sì pẹ́, má fi onílé ṣe ẹni tó lọ́ra.

Yìnyín a máa bọ́ níbẹ̀ lásìkò òjò ju ibikíbi nílẹ̀ wa lọ. Ní òru oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, òtútù lè mú ilẹ̀ dé dígírì mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dùnkún òyìnbó, tí àwọn tó wá wa kùsà mú wá, fi rí ilé sí Bokkos àti Mangu, tí ibẹ̀ sì ń bọ́ gbogbo Nàìjíríà. Jẹ strawberry bí o bá rí i. Ṣùgbọ́n má kúrò níbẹ̀ láìjẹ gwate tí wọ́n fi acha sè. Acha ni hóró kékeré tí àwọn ènìyàn òkè yìí ti ń gbìn kí ọ̀dùnkún tó dé, ó sì fúyẹ́ nínú ju ìrẹsì lọ.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀sì, tí Fagg dá sílẹ̀ tí wọ́n sì ṣí ní 1952, ni ibi tí àwọn ère Nok wà. Èsìẹ́ ní Kwara ló ṣáájú rẹ̀, ní 1945, torí àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀. Má wo inú ilé nìkan. Níta, ayàwòrán ilé kan láti Poland, Zbigniew Dmochowski, ni ó bẹ̀rẹ̀ ọgbà tí wọ́n ti tún ilé ìbílẹ̀ oríṣiríṣi Nàìjíríà kọ́, odi Kano àti mọ́ṣáláṣí Zaria wà lára wọn, o sì lè rìn wọnú wọn. Àwọn ilé tí àwọn baba ńlá wa fi amọ̀ kọ́ ń wó lójoojúmọ́ ní ìlú wa, a kì í sì í tún wọn kọ́. Mo gbà pé kò sí ibì kan ní Jọ́ọ̀sì tó tọ́ sí wákàtí rẹ ju ọgbà yẹn lọ.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá fi Yorùbá kí ènìyàn ní Jọ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe kí ó dá ọ lóhùn pẹ̀lú ohùn Ògbómọ̀ṣọ́? Nígbà tí ojú irin kékeré láti Zaria dé Bukuru ní 1914, àti nígbà tí ojú irin ńlá gba Kafanchan dé Jọ́ọ̀sì ní 1927, àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ bá a wá. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta ohun èlò ilé, wọ́n sì wà lára àwọn tó tẹ ìjọ Onítẹ̀bọmi dó níbẹ̀. Ìran kẹta àti ìkẹrin wọn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ Haúsá já gaara, tí wọ́n sì ṣì mọ agbolé wọn. Yunifásítì Jọ́ọ̀sì náà, láti ara Yunifásítì Ìbàdàn ló ti yọ: ẹ̀ka Ìbàdàn ni ní 1971, ó sì dá dúró ní 1975.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìyanu òkè yìí. Ṣé o mọ̀ pé ẹyẹ kan ló tú àṣírí ẹyẹ mìíràn ní Jọ́ọ̀sì? Ẹyẹ kékeré dúdú kan wà níbẹ̀ tí kì í tọ́ ọmọ rẹ̀. Inú ìtẹ́ ẹyẹ pupa kékeré kan ló máa ń yé ẹyin sí, kí onítẹ̀ẹ́ bá a tọ́jú ọmọ. Ọmọ ẹyẹ dúdú náà á kọ́ orin alágbàtọ́ rẹ̀, á sì máa kọ ọ́ títí ayé rẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbọ́ orin tí ẹyẹ dúdú Jọ́ọ̀sì ń kọ, wọ́n sì rí i pé kò bá orin ẹyẹ pupa kankan tí wọ́n mọ̀ mu. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé alágbàtọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Onímọ̀ ẹyẹ Robert Payne wá a láàrin àpáta, ó rí i, wọ́n sì kéde rẹ̀ fún ayé ní 1998. Ẹyẹ tó ti ń kọrin lẹ́yìn ilé àwọn ènìyàn láti ayébáyé ni! Bí o bá fẹ́ gbọ́ ọ, lọ sí igbó Amurum ní Laminga, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ tí wọ́n fi orúkọ A. P. Leventis pè wà. Àárọ̀ kùtù ni kí o lọ, kí o sì bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Odò Delimi ń ṣàn kọjá nínú ìlú Jọ́ọ̀sì. Ó kéré, ọ̀pọ̀ kì í tilẹ̀ wò ó. Ṣé o mọ̀ pé omi rẹ̀ kì í lọ sí òkun láéláé? Àríwá ìlà-oòrùn ló forí lé, ó di Bunga, ó di Jama'are, ó bọ́ sínú odò Yobe, ó sì parí sí adágún Chad. Kò jìnnà síra, ibi tí òjò ti ń rọ̀ sí orí òkè yìí tí ọ̀kan fi ń lọ sí adágún Chad, tí èkejì fi ń lọ sí Lókọ́jà.

Má gba ọ̀nà kan náà padà bí àlàáfíà bá wà ní ìhà gúúsù, béèrè ná. Gba Mangu lọ sí Pankshin. Àwọn òkè Kerang tó wà lọ́nà yẹn jẹ́ òkè ayọnáyèéfín tó ti kú, wọ́n sì ń di omi ìsun ibẹ̀ sínú ìgò tà. Bí ọ̀nà Wase bá dára, ibẹ̀ ni àpáta kan ṣoṣo ti ga fíofío láàrin pápá tó nǹkan bí mítà 300, òkúta tó dì sí ọ̀nà ọ̀fun òkè ayọnáyèéfín tí òkè fúnra rẹ̀ ti jẹrà lọ. Ẹyẹ òfú funfun ń pamọ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, sọ̀ kalẹ̀ gba Shendam sí Lafia, kí o sì já sí Makurdi, létí Bẹ́núé. Afárá tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1932, ló so ojú irin Port Harcourt mọ́ ti Àríwá. Kó tó di ìgbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé kọ́ọ̀ṣì reluwé kọjá odò. Tin Jọ́ọ̀sì náà gba orí afárá yìí lọ sí òkun.